External Ń Tanná, Kọ̀ǹpútà Kò Rí I: Ẹ Má Tíì Tẹ Format

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mò ń ṣe ní Ṣábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Inú external kan, díìsìkì tí à ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti ìta, tó gba 2 TB ni gbogbo iṣẹ́ mi wà: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ọdún egúngún. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ni mo fi ń tún àwòrán ṣe. Láìpẹ́ yìí, tí mo bá ti ki external náà bọ USB, iná rẹ̀ á tàn, kọ̀ǹpútà á dún pé nǹkan wọlé, kò ní pẹ́ á tún dún pé ó ti jáde, á sì tún dún pé ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe. Nígbà mìíràn orúkọ rẹ̀ á hàn fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ṣí i, ohun tí màá rí ni “You need to format the disk before you can use it.” Ọmọ kan tó mọ kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa ní kí òun bá mi tẹ format, pé á padà bọ̀ sípò. Mo ní kó dúró ná. Hub oníhò mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀, ni mo ń kì í sí níwájú kọ̀ǹpútà, òun àti mouse àti ẹ̀rọ tí mo fi ń ka káàdì kámẹ́rà. Àwọn tọkọtaya tí mo bá ṣe ìgbéyàwó lóṣù tó kọjá kò tíì rí àwòrán wọn gbà. Ẹ gbà mí o.
Ayafọ́tò, Ṣábó, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ ṣeun tí ẹ ní kó dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ format lórí external yẹn, bó ti wù kó mọ kọ̀ǹpútà tó. Pẹ̀lú gbogbo bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa kí àwọn àwòrán yín ṣì wà níbẹ̀ láìyingin, kó jẹ́ pé iná tó ń dé ọ̀dọ̀ external ni kò tó o.

Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà yẹn ló ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú un kúrò nílẹ̀ ná. Kì í ṣe pé Windows wo inú external yín tó sì bá a ní òfìfo. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú gbogbo díìsìkì tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Tí Windows bá fẹ́ ka àkọsílẹ̀ yẹn tí kò rí i kà, ṣe ló máa ń ṣe bíi pé díìsìkì náà kò tíì ní nǹkan kan nínú, á wá ní kí ẹ jẹ́ kí òun tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Díìsìkì tí iná ń já mọ́ lára ní gbogbo ìgbà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ tán? Tí ẹ bá wá gbà fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní quick format á fi àkọsílẹ̀ tuntun tó ṣófo bo ti àtijọ́. A ṣì lè wá àwọn àwòrán jáde lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n tìpá tìkúùkù ni. Tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá lọ yọ àmì tó wà níwájú “Quick Format” kúrò, ọ̀ràn ti burú. Láti ìgbà Windows Vista ni format gígùn ti máa ń kọ òdo sí gbogbo ara díìsìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Kò sí ẹni tó lè bá yín wá ohunkóhun jáde níbẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ ní Èkó.

Ọmọ àdúgbò yín kò ní ibi lọ́kàn. Orí fílááṣì ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́. Fílááṣì tó bá ń ṣe wàhálà, wọ́n á format rẹ̀, á ṣiṣẹ́, inú oníbàárà á dùn, nítorí orin ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè tún un kó sí i. Ẹni tó sin ìyá rẹ̀ kò lè tún ìsìnkú náà ṣe nítorí kí ayafọ́tò lè rí àwòrán yà. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Takie ni pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan díìsìkì oníbàárà, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, àti bóyá ó ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Tó bá ní òun kò ní, iṣẹ́ tó wà níwájú wa ti yàtọ̀ nìyẹn. Ẹrù inú rẹ̀ la fẹ́ kó jáde. Bí external fúnra rẹ̀ bá yè lẹ́yìn náà, ó dáa. Bí kò bá yè, a ti rí ohun tó ṣe pàtàkì mú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá ibi tí iná ti ń já.

Fóltì 5 ni iná tó ń jáde lójú USB. Ti USB 2.0, tó jáde lọ́dún 2000, ìwọ̀n iná tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un ni 500 mA (mílíáńpíà). Ti USB 3.0, tó jáde lọ́dún 2008, ni 900 mA. External kékeré tí kò ní ṣájà tirẹ̀, irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ojú USB yẹn nìkan ló ti ń rí iná. Mọ́tò wà nínú rẹ̀ tó ń yí àwo, ìgbà tí mọ́tò náà bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra ló máa ń gba iná jù. Ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 A, ìyẹn 1,000 mA, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn. Ẹ wá wo hub. Hub tí kò ní ṣájà tirẹ̀ kò ní iná kankan nípamọ́. Iná tí ó gbà láti ojú USB kan ṣoṣo ló ń pín fún gbogbo ohun tí ẹ kì sí i lára. Mouse ti mú tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ti mú tirẹ̀. Kí ló wá kù fún mọ́tò?

Ẹ má sì jẹ́ kí iná kékeré tó ń tàn lára external tàn yín jẹ. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí nílé tí iná bá wá tí kò lágbára: gílóòbù á tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga kò ní gbéra. Mọ́tò external yín ń gbìyànjú láti yí, iná ń wálẹ̀, pátákó inú rẹ̀ ń kú, kọ̀ǹpútà á sì dún pé ó ti jáde. Tí iná bá gbéra padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń fa ìdún wọlé, ìdún jáde tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ yọ hub yẹn kúrò pátápátá. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yí i, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú USB tó wà lẹ́yìn, orí pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n jó o mọ́. Tiwájú, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fà á láti inú wá sí ara àpótí, ibẹ̀ náà sì ni tọmọdé tàgbà ti ń ki fílááṣì bọ̀, tí wọ́n ń fà á yọ, títí tí inú rẹ̀ fi máa ń gbò. Ẹ fi bùrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku inú ojú tó wà lẹ́yìn kúrò kí ẹ tó lò ó. Ẹ mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe ní ìlú wa níbí. Eruku rẹ̀ kì í fi ihò kankan sílẹ̀. Tí ẹ bá rí èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ búlúù, òun ni kí ẹ lò, torí pé búlúù ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fi ń dá USB 3.0 mọ̀. Mouse àti ẹ̀rọ káàdì lè wà níwájú, iná tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan.

Ohun tó kàn ni wáyà. Èmi a máa fura sí wáyà kí n tó fura sí external. Wáyà kéékèèké mẹ́sàn-án ló wà nínú wáyà USB 3.0, mẹ́rin ló wà nínú ti USB 2.0. Tí ọ̀kan bá já nínú rọ́bà, ojú kò lè rí i. Ọrùn ló ti sábà máa ń já, níbi tí wáyà ti wọ inú orí, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ń wé e mọ́ ara external pinpin kó tó sọ ọ́ sínú báàgì kámẹ́rà. Àwọn kan máa ń mi ọrùn wáyà yẹn lọ́tùn-ún lósì nígbà tí external ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbàkígbà tí iná bá já lójijì mọ́ díìsìkì tó ń yí lọ́wọ́, ara rẹ̀ lẹ ń pa. Ẹ yá wáyà ẹlòmíràn wò, tàbí kí ẹ ra tuntun, kò wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ rà á ní Takie, ẹ má wulẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ búlúù lórí tí inú wọn jẹ́ ti USB 2.0. Ẹ wo inú orí tó ń wọ kọ̀ǹpútà: irin pẹlẹbẹ mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà níwájú, kí kéékèèké márùn-ún sì wà lẹ́yìn wọn nínú lọ́hùn-ún. Kí ó kúrú. Wáyà gígùn ń jẹ iná lójú ọ̀nà.

Tí ẹ bá ti fi wáyà tuntun kì í sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ẹ dákẹ́, kí ẹ gbé etí sún mọ́ external. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdúró, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, tó ń dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pé ojú USB dára tí wáyà sì dára, ẹ yọ ọ́ kíákíá. Orí tó ń kàwé nínú rẹ̀ lè ti ní àìsàn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì tún tan án ni ẹ ń fi kún un. Bí ohùn rẹ̀ bá dára àmọ́ tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ gbé e lọ sára láptọ́ọ̀pù ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kí láptọ́ọ̀pù náà wà lórí ṣájà. Ẹ má gbé e lọ sí ibi tí gbogbo ayé ti ń ki fílááṣì bọ kọ̀ǹpútà o, kí fáírọ́ọ̀sì má baà dá kún ọ̀ràn tó wà nílẹ̀.

Tó bá dúró, tí kò jáde mọ́, àmọ́ tí ẹ kò rí i nínú “This PC”, ẹ fi ọ̀tún mouse tẹ àmì Start, kí ẹ sì yan “Disk Management”. Gbogbo díìsìkì tó wà lára kọ̀ǹpútà ni ẹ ó rí níbẹ̀. Ẹ wá èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1863 GB. Tiyín nìyẹn, ẹgbẹ̀rún ni àwọn tó ṣe é fi ń ka iye rẹ̀, 1024 ni Windows fi ń kà á, ìdí nìyẹn tí 2 TB fi dín kù lójú. Tí wọ́n bá kọ “Healthy” sí i tí kò ní lẹ́tà bíi E tàbí F, lẹ́tà ló kù tí ẹ máa fún un: ọ̀tún mouse, “Change Drive Letter and Paths”, ó parí. Tí wọ́n bá kọ “RAW” sí i, àkọsílẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ti ní ìpalára, kì í ṣe àwòrán. Tó bá sọ pé “Not Initialized” tí àpótí ọ̀rọ̀ kékeré kan sì yọ jáde lójú kọ̀ǹpútà tó ní kí ẹ tẹ OK, Cancel ni kí ẹ tẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá wá hàn rárá, pátákó inú external ló yẹ ká wò.

Ẹ lè gbọ́ ìmọ̀ràn pé kí ẹ lọ sí Device Manager, kí ẹ yọ USB kúrò, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà padà. Kò léwu, ó sì máa ń ran ẹni tí Windows rẹ̀ ti rú lójú lọ́wọ́. Níbẹ̀ náà lẹ ti lè ní kí Windows má máa pa iná USB láti fi ṣọ́ iná lò, lábẹ́ “USB Root Hub”, ní “Power Management”. Ìyẹn wúlò fún external tó ń sùn lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ díẹ̀. Ti ẹ̀yin kò jọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ó ṣí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe gan-an nìyí. Ìdùnnú á ṣubú lu ayọ̀, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á máa tún àwòrán ṣe lórí external náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kó ìgbéyàwó oṣù tó kọjá jáde sórí díìsìkì mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn iṣẹ́ tí oníbàárà kò tíì gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó kù, láti orí èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fódà kan tẹ̀lé òmíràn ni. Tí Windows bá sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun yẹ díìsìkì wò kí òun sì tún un ṣe, ẹ ní kó dúró títí ẹ ó fi kó ẹrù tán. Chkdsk tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn máa ń yí àkọsílẹ̀ padà, bó bá sì jẹ́ orí díìsìkì tó ti rẹ̀ ni, ó lè sọ fódà odindi di àfọ́kù.

Ọ̀rọ̀ iná ìlú wọ̀ ọ́ níbí. Dẹ́sítọ́ọ̀pù kò ní bátìrì. Tí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sínú external lọ́wọ́, àárín ìkọ̀wé ló ti máa já, àkọsílẹ̀ lè dojú rú, ọ̀rọ̀ “format” tó ń yọ sí yín yìí sì lè ti ara rẹ̀ wá pẹ̀lú. Tí ẹ kò bá ní UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ, ẹ fi láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dára kó ẹrù yìí. Kí ẹ tó yí láti iná ọba sí jẹnẹrétọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ external nílànà, pẹ̀lú “Safely Remove Hardware”. Lóòótọ́, láti Windows 10 ti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni Windows ti ń gbà pé kí a fa USB yọ láìṣe ìyẹn, bí kò bá ti sí ohun tó ń kọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè fojú rí i pé kò sí ohun tó ń kọ? Ẹ tẹ̀ ẹ́.

Tó bá sì jẹ́ RAW tí kò ṣí, ọ̀nà ṣì wà. Ẹ̀rọ ayélujára ní ohun èlò ọ̀fẹ́ méjì tí mo fọkàn tán, TestDisk àti PhotoRec, ibì kan náà ni wọ́n ti ń wá. TestDisk lè tún àkọsílẹ̀ tó dàrú tò. PhotoRec kò tilẹ̀ wo àkọsílẹ̀. Ara díìsìkì ló ń wò, tó ń ṣa àwòrán àti fídíò jáde níbikíbi tó bá rí wọn. Àwọn àwòrán náà kò ní ní orúkọ tí ẹ sọ wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kámẹ́rà yà wọ́n máa ń wà nínú fáìlì, òun lẹ máa fi tò wọ́n. Díìsìkì mìíràn ni kí ẹ máa kó ohun tí wọ́n bá rí sí, kì í ṣe external yìí kan náà. Bí kíkà bá sì ń ṣòro fún un, ẹni tó mọ Linux, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó yàtọ̀ sí Windows, ni kí ẹ wá, kó fi ddrescue ṣe ẹ̀dà gbogbo díìsìkì náà sórí èyí tó tó o tàbí tó tóbi jù ú lọ. ddrescue máa ń kó ibi tó rọrùn kọ́kọ́, á fi ibi tó le sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Lórí ẹ̀dà yẹn la ti máa wá àwòrán. External fúnra rẹ̀ á ti máa sinmi.

Ó ku ohun kan. Wọ́n lè sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn tú external náà, kí wọ́n yọ díìsìkì inú rẹ̀ sínú àpótí mìíràn. Tó bá jẹ́ èyí tó ní pátákó USB lọ́tọ̀ tí díìsìkì SATA (irú èyí tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà) sì wà lọ́tọ̀, ìmọ̀ràn tó dára ni, nítorí pátákó kékeré yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kú nígbà mìíràn. Àmọ́ àwọn kan wà tí ojú USB wọn wà lára díìsìkì gan-an, kò sí SATA tí wọ́n fẹ́ yọ. Àwọn mìíràn sì wà tí pátákó wọn ń yí gbogbo ohun tó wà nínú díìsìkì sí àṣírí, bí ẹ kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i. Tí ẹ bá yà wọ́n nípá, ohun tí ẹ máa rí kò ní nítumọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ tú u wá nọ́ńbà ara rẹ̀ wò ná, kó mọ irú èyí tó jẹ́, kó tó mú skrúdíráífà.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Olùkọ́ girama ni mí ní Ọ̀yọ́. External 1 TB ni mo ń kó fídíò ẹ̀kọ́ sí fún àwọn ọmọ. Wáyà rẹ̀ sọnù, mo wá ń lo ti fóònù mi àtijọ́ nítorí ó wọ ihò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan ihò náà ṣófo. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 100 GB gbà mí ju wákàtí kan lọ, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yá mi ní wáyà fóònù mìíràn. Ìyẹn tan iná external, kọ̀ǹpútà kò sì rí i rárá. Ṣé external mi ti ń kú ni?
Olùkọ́, Owódé, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN

Rárá o, olùkọ́ wa. Wáyà méjèèjì ló ní ẹjọ́ lọ́rùn.

Ihò external yín pín sí méjì, fífẹ̀ kan àti kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Apá fífẹ̀ yẹn bá wáyà fóònù àtijọ́ mu, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ USB 2.0. Apá tó ṣófo ni ti USB 3.0. Ní àkọsílẹ̀, 480 mẹ́gábíìtì (ìyẹn 60 MB) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni USB 2.0 lè gbé, 5,000 ni USB 3.0. Lójú iṣẹ́, USB 2.0 kì í sábà kọjá 30 sí 40 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí díìsìkì inú external yín lè ka 100 MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 100 GB tó ń gbà yín ju wákàtí kan lọ lè má ju ìṣẹ́jú ogún lọ pẹ̀lú wáyà tirẹ̀ àti ojú USB búlúù. Ẹ ra wáyà USB 3.0 tí orí rẹ̀ jẹ́ alápá méjì. Tí ẹ bá ń kì í, ẹ kì í wọlé dáadáa títí tó fi dúró gbọnin. Tó bá wọ ìlàjì, kọ̀ǹpútà lè máa fi USB 2.0 bá a sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ẹ mọ̀.

Wáyà tí ọ̀rẹ́ yín yá yín, iná nìkan ló ń gbé. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ṣájà, kò ní wáyà tó ń gbé fáìlì nínú rárá. Ẹ dá a padà fún un, kó máa fi gba iná sí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti sọ external tó yè kooro nù o, nítorí irú wáyà yẹn. Ó máa ń dùn mí.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàárọ̀ sà. External mi bọ́ sílẹ̀ láti orí tábìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́, kò sì hàn mọ́. Iṣẹ́ ìwádìí mi fún àṣekágbá wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ọ̀rá wé e, kí n gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì.
Akẹ́kọ̀ọ́, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má gbé e sínú fírísà. Omi á sẹ̀ sínú rẹ̀ tó bá jáde nínú òtútù, díìsìkì tó ṣeé ṣe kó ṣì ní ìrètí á sì kú pátápátá. Má tún kì í sí kọ̀ǹpútà kankan mọ́. Orí tó ń kàwé kò gbọ́dọ̀ fara kan àwo. Ó ṣeé ṣe kó ti bàjẹ́ nígbà tó bọ́, tó bá sì ń yí báyìí, ó lè máa họ ibi tí iṣẹ́ rẹ wà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù, èmi náà kò ní ṣí i, nítorí pé yàrá tí kò ní eruku rárá ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ wà ní àwọn ìlú ńlá, owó rẹ̀ sì ga, nítorí náà kí ìwọ àti àwọn òbí rẹ jọ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.

Kó tó di ìyẹn, wá iṣẹ́ rẹ níbòmíràn. Wo inú ímeèlì tí o fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, wo WhatsApp tí o ti pín in pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, wo kọ̀ǹpútà ibi tí o ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí i tí iṣẹ́ tí wọ́n ń sunkún lé lórí wà nínú ímeèlì látọjọ́ yìí, bí kì í bá ṣe orí tó gbẹ̀yìn, orí tó ṣáájú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ọ̀gá, external tí àwọn ọmọ mi kó ìwàásù sí fún mi ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n mi ní òun kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kí ló fà á?
Bàbá àgbà, Takie, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Bí wọ́n ṣe tò ó ló fà á. exFAT, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí à ń gbà to díìsìkì, ni ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ lò, torí pé Windows àti Mac méjèèjì ló lè kọ sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ díẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. FAT32 ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀, àwọn mìíràn mọ NTFS pẹ̀lú. Ìwé tó bá tẹlifíṣọ̀n yín wá á sọ èyí tó ń kà. Fáìlì kan kò gbọ́dọ̀ tó 4 GB lórí FAT32, ìwàásù olóhùn kò sì lè sún mọ́ ìyẹn. Fídíò gígùn nìkan ló lè kọjá rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún external náà tò nítorí tẹlifíṣọ̀n. Kí wọ́n ra fílááṣì 32 GB kan fún yín, kí wọ́n tò ó sí FAT32, kí wọ́n kó ìwàásù tí ẹ fẹ́ràn jù sí i, kí ẹ sì fi external pamọ́ sí ibi gbígbẹ. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá ojú USB tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n yín wà fún wíwo nǹkan, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé alátùn-únṣe nìkan ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Wọ́n sábà máa ń kọ “Service” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.